Ikú Tó Ń Lu Agogo ní Prague

Hedvika ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ẹsẹ̀ tí o fi ń mú àwọn àlejò káàkiri Prague kì í dùn ọ́? Àwa náà wà níhìn-ín ní Lhotka, adìẹ ń yé, àfi ọkàn mi ni kò balẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì.

O kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ní wákàtí wákàtí ni ìwọ àti Ikú jọ ń dúró ní gbàgede, pé ẹ ti mọwọ́ ara yín. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gba ọ̀dọ̀ Vlasta aládùúgbò wa lọ, ó fi hàn mí lórí fóònù: aago gìrìwò lára ògiri, egungun òkú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fa okùn, agogo dún, ó mi orí, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kó tètè pa fóònù náà kí òkú yẹn má baà dá ojú mi mọ̀. Vlasta ní igi lásán ni. Mo ní igi wo ló ń mi orí. Fadá ìjọ wa ní ó ti pẹ́ níbẹ̀, kò tíì pa ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé ta ló ń bá a kà wọ́n.

O tún ní àwọn àlejò máa ń fọwọ́ pa ère ẹni mímọ́ orí afárá kí oríire lè bá wọn. Ṣebí orí afárá yẹn náà ni wọ́n ti ju ẹni mímọ́ náà sódò tó fi kú? Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kàn án.

Ìwé ìwọlé tí o fi ránṣẹ́ kí n lè wọ ààfin Prague ti dé, ṣùgbọ́n kòkòrò ti jẹ ẹ́ lọ́nà, àmì dúdú onígun mẹ́rin ara rẹ̀, èyí tí o ní ẹ̀rọ yóò kà lẹ́nu ọ̀nà, kún fún ihò funfun. Má dààmú, mo ti fi yíǹkì dí gbogbo rẹ̀, ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é, ó dúdú kirikiri báyìí.

Vlasta ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkùnrin tó ń pa ẹlẹ́dẹ̀ fún gbogbo abúlé ń sá fún ère. Ìgbà tí mo dé Prague kẹ́yìn, èmi àti ìyá rẹ la jọ wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi nìkan ni mo wọkọ̀ padà, báàgì rẹ̀ wà lórí itan mi. O kéré nígbà náà. O sáré pàdé mi lọ́nà, o sì ń wo ẹ̀yìn mi.

Síbẹ̀, n kò lè jẹ́ kí o máa dá dúró níwájú Ikú. Mo ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta, bọ́ọ̀sì àárọ̀. Fi ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta koruna ránṣẹ́ fún owó ọkọ̀. Inú àpòòwé ni kí o fi sí, má fi sí báǹkì, àwọn ọmọ ibẹ̀ kò mọ̀ mí. Wá dúró dè mí. Nígbà tí agogo yẹn bá ń dún, di ọwọ́ mi mú gírígírí, má sì jẹ́ kí àwọn àlejò rẹ rí i.

Ìwọ ni yóò sin mí, Hedvika. Èmi kò ní sin ọ́.

Bàbá rẹ,
Alois