Doña Casilda Arrízaga, Ìyá Tó Dá Okùn Dúró ní Cañada Honda

Ní ọdún 1778, nínú odi àwọn ọmọ ogun Ọba Sípéènì ní Monterey, ni a bí ìyá wa, Doña Casilda Arrízaga. Sájẹ́ǹtì Ildefonso Arrízaga ni bàbá wọn, ọmọ Sonora, ẹni tó da màlúù gba inú aṣálẹ̀ wá sí etíkun yìí nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ibí ṣì ń gbé inú àgọ́. Gertrudis Pedroza ni ìyá wọn, ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ìdílé Arrízaga kì í ṣe ọlọ́lá ní Sonora. A ò ní purọ́ níwájú òkú. Ẹṣin kan, gàárì kan àti ẹnu tí kì í sinmi ni Sájẹ́ǹtì gbé dé ibí. Ẹnu yẹn ni Doña Casilda kọ́kọ́ jogún.

Ẹ̀yin ará tẹ́ ẹ gun ẹṣin wá láti Monterey, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn wá láti ìsun omi abẹ́ igi óákù, ìdílé Lizárraga kí yín pé ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìbánikẹ́dùn. Ẹni tó sùn síwájú yín yìí kò ṣeé fi gbólóhùn méjì sin. Ẹ fún wa láyè díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìwé tí ìyá wa kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ̀ wọ́n lára. Ọmọ ogun àgbàlagbà kan ló ń kọ́ àwọn ọmọdé inú odi náà, bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n sì ń kọ̀wé sí. Doña Casilda a máa sọ pé ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn fi ń dún bí ìbọn. Ẹsẹ̀ wọn ò tíì kan ibi ìtẹsẹ̀ gàárì tí wọ́n ti ń gun ẹṣin, tí wọ́n sì ń ju okùn awọ mọ́ màlúù lọ́rùn. Bàbá wọn bá wọn wí lọ́jọ́ kan: "Casilda, okùn yẹn kì í ṣe ohun ìṣeré obìnrin." Wọ́n dáhùn pé, "Bàbá, màlúù tí mo fi mú lánàá ò bi mí bóyá obìnrin ni mí."

Ní ọdún 1795, nígbà tí Sájẹ́ǹtì fẹ̀yìn tì, gómìnà Sípéènì yọ̀ǹda kó máa da ẹran ní àfonífojì Cañada Honda. Ọba ló ni ilẹ̀ náà; koríko rẹ̀ nìkan ni wọ́n fún wa. Wọ́n mọ ilé alámọ̀ síbẹ̀, ilé yìí kan náà tẹ́ ẹ jókòó sí. Ṣùgbọ́n a kò bá ibẹ̀ lófìfo. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gbé lẹ́bàá ìsun omi lábẹ́ àwọn igi óákù, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ kí Sípéènì tó mọ̀ pé òkun yìí ní etí. Àwọn fadá ti kó àwọn kan nínú wọn lọ sí míṣọ̀n, ọgbà ìjọ wọn. Àwọn kan ti sá padà. Àwọn kan ò tilẹ̀ lọ rí. Ọmọbìnrin kan láàárín wọn, Apolonia, kéré díẹ̀ sí ìyá wa lọ́jọ́ orí. Àwọn méjèèjì jọ ń fọṣọ lódò, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ èdè ara wọn. Èébú ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀.

Ní ọdún 1799, Doña Casilda ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Evaristo Lizárraga, ọmọ ogun Monterey, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó ní irùngbọ̀n dáadáa. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Evaristo ń wá sí Cañada Honda láti wo ẹṣin pupa kan tó jẹ́ ti Sájẹ́ǹtì. Á wò ó tán, á tún wò ó. Ó sú bàbá wọn, ó ní, "Evaristo, ṣé ẹṣin lo fẹ́ fẹ́ ni?" Evaristo ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ìyá wa ló dáhùn láti inú ilé ìdáná: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má lé e. Ó ṣì ń kó ọ̀rọ̀ jọ." Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí. Mẹ́ta lọ ní kékeré, a sì ti gbẹ́ ilẹ̀ ìyá wọn sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Anselmo, Práxedes àti Fermín ló kù.

Lọ́dún 1818, nígbà tí àwọn ajalèlókun gúnlẹ̀ tí wọ́n sì dáná sun Monterey, ìyá àti ọmọ tó ráyè sá ló kún ilé yìí. Doña Casilda pa màlúù fún wọn títí wọ́n fi padà sílé. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí lónìí, orí ẹní ilé yìí lẹ ti kọ́kọ́ rákò.

Lọ́dún 1822, ìròyìn dé pé a kì í ṣe ọmọ Sípéènì mọ́, Mẹ́síkò ló ni wá. Evaristo bọ́ fìlà, ó dúró láàárín àgbàlá bí ẹni tó sọnù. Ó ní, "Casilda, ta ni kí n wá máa gbàdúrà fún báyìí?" Ìyá wa ò gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo. Wọ́n ní, "Gbàdúrà fún òjò. Màlúù ò mọ àsíá." Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ní 1826, ẹṣin gbé Evaristo ṣubú lásìkò ìkójọ màlúù, kò sì dìde mọ́. Ìyá wa wọ aṣọ dúdú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, wọ́n wọ bàtà ọkọ wọn, wọ́n di okùn mọ́ gàárì, wọ́n sì lọ parí iṣẹ́ tó fi sílẹ̀.

Ọdún 1829 ni ọ̀dá ńlá dé. Òjò kọ̀, odò di iyanrìn, koríko di eruku. Àwọn ọlọ́sìn ẹran káàkiri ń ti ẹṣin wọn ṣubú láti orí bèbè òkè kí ìwọ̀nba koríko tó kù lè tó màlúù. Nílé wa, Fermín ti gbé ìbọn, ó dúró lẹ́nu ọgbà ẹṣin, ó ń sunkún nítorí àwọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́. Ìsun kan ṣoṣo ló ṣì ń ṣàn ní gbogbo àfonífojì: ti àwọn ará Apolonia, ẹni tó ti di àgbà wọn nígbà náà. Anselmo ní ká kó àwọn oníbọn jọ ká lọ gbà á. Ìyá wa ní kó jókòó. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀wà kan dání, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn lọ. Wọ́n ní ẹnì kan kì í gun ẹṣin lọ bẹ̀bẹ̀. Práxedes tẹ̀ lé wọn, ẹnu rẹ̀ la sì ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Apolonia wò wọ́n láti òkè délẹ̀. "Ìyá Anselmo, ẹ fẹsẹ̀ rìn wá. Ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ nìyẹn."

"Apolonia, màlúù mi ń kú."

"Mo ń gbóòórùn wọn."

"Omi ni mo wá tọrọ."

Apolonia rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Màá fún yín lómi. Omi kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin ará ilé alámọ̀, tẹ́ ẹ bá mumi tán, ẹ ó ní ẹ̀yin lẹ gbẹ́ kànga."

Ìyá wa ò bínú. "Òótọ́ ni. A máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń mí, kò sẹ́ni tó máa pe omi yìí ní tiwa nínú ilé mi."

"Tẹ́ ẹ bá wá kú ńkọ́?"

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ́ wọn ná."

Bí màlúù wa ṣe mu nínú ìsun náà nìyẹn títí òjò fi rọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kú síbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kù tó ẹni tó fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Fermín gbé ìbọn padà kọ́ ara ògiri.

Lọ́dún 1836, gómìnà Mẹ́síkò buwọ́ lùwé pé Cañada Honda di ti Doña Casilda, opó Evaristo Lizárraga, àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ títí láé. Adájọ́ wá láti Monterey láti wọn ilẹ̀ náà. Àwọn aládùúgbò pé jọ. Ọkùnrin méjì lórí ẹṣin ló di okùn awọ gígùn mú, igi ṣóńṣó wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá gún tirẹ̀ mọ́lẹ̀, èkejì á sáré kọjá, á gún tirẹ̀. Ohun tí ìyá wa ò mọ̀ ni pé Anselmo ti bá àwọn ọkùnrin náà sọ ọ́ kí wọ́n gba ẹ̀yìn àwọn igi óákù yẹn, kí ìsun náà lè bọ́ sínú tiwa. Bí okùn ṣe dé abẹ́ igi, tó sì ń rékọjá, Doña Casilda da ìbaaka wọn síwájú, wọ́n sì dá a dúró sórí okùn.

Adájọ́ ní, "Doña Casilda, ìbaaka yín ti tẹ okùn ìjọba mọ́lẹ̀."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Ibí ni ilẹ̀ mi parí sí."

"Ṣùgbọ́n ohun tí gómìnà fún yín dé òkè ọ̀hún."

"Gómìnà ṣe aájò, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọn ò débí rí ni. Láti ibi igi yìí lọ, ti àwọn ará ìsun ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Anselmo ta ẹṣin rẹ̀ dé iwájú wọn. "Màmá! Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, tí ọ̀dá tún dé, ṣé a ó tún máa tọrọ omi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìtọrọ ò pa wá nígbà yẹn."

"Ogún wa lẹ fi ń ṣàánú yẹn o!"

"Anselmo, ogún tó bá di dandan kí n purọ́ kó tó pé, jẹ́ kó dín."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ẹni tó gba ilẹ̀, wọ́n fa koríko tu, wọ́n sì ṣa òkúta sọ́wọ́. Wọ́n ju ọ̀kan síhà ìlà oòrùn, wọ́n ju ọ̀kan síhà gúúsù, wọ́n ju ọ̀kan síhà òkun. Èyí tó yẹ kí wọ́n jù síhà ìsun, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n rọra gbé e sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ igi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nínú àwọn aládùúgbò. Àwọn ará Apolonia dúró lábẹ́ óákù, wọ́n ń wo òkúta náà. Adájọ́ kọ ọ́ bí ìyá wa ṣe sọ ọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, Anselmo ti di ẹrù, ó kọrí sí gúúsù.

Ó pẹ́ ká tó gbúròó rẹ̀. Ó ń ra awọ màlúù, ó ń tà á fáwọn ọkọ̀ ojú omi; ó fẹ́ Nieves, wọ́n sì bímọ. Ìyá wa ò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ ní Monterey tí wọn ò ránṣẹ́ béèrè pé ibo ló ti ń bọ̀. Lọ́dún 1840, wọ́n ní ká di gàárì mọ́ ìbaaka. Fermín ní ọ̀nà jìn, àgbà sì ti dé. Wọ́n ní, "Ìbaaka ló máa rìn." Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Anselmo, ọkùnrin náà dúró, ó ń wo ilẹ̀.

Ìyá wa ní, "Gbójú sókè. Mi ò wá bẹ̀ ọ́, mi ò sì wá bá ọ jà. Ọmọ-ọmọ mi ni mo wá gbé. Níbo ló wà?"

Wọ́n gbé ọmọ náà, wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n sọ fún Nieves pé ata rẹ̀ ò ta, wọ́n sì jókòó tì wọ́n. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ilẹ̀. Anselmo fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ níkẹyìn, bí wọ́n ṣe ń jẹun. "Màmá, omi yẹn ì bá jẹ́ tiwa."

Wọ́n ní, "Ó jẹ́ tiwa lọ́dún tá a nílò rẹ̀. Èwo lo tún fẹ́?"

Nígbà tó yá tí ìyá wa fẹ́ máa padà, Anselmo ló di gàárì mọ́ ìbaaka ìyá rẹ̀. Ó tún di ti Nieves, ó sì di tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe jọ dé ilé nìyẹn.

Ní ti ìgbàgbọ́, Doña Casilda jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà tọkàntọkàn. Àwọn ló kọ́ ilé àdúrà kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà àjàrà. Ọmọ tí wọ́n ṣe ìyá ìsàmì fún kò lóǹkà, wọ́n sì tọ́ àwọn ọmọ aláìlóbìí dàgbà láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àlejò ni wọ́n. A ò sì ní sọ pé wọn kò ní àléébù. Wọ́n ń mu sìgá. Fadá bá wọn sọ̀rọ̀ títí nípa rẹ̀; wọ́n ní kí Fadá gbàdúrà sí i, pé èéfín ń gòkè bí tùràrí. Bákan náà ni wọ́n ń rẹ́ni jẹ nínú eré káàdì, tẹ́ ẹ bá sì mú wọn, wọ́n á ní ojú àwọn ló ti ń ṣú.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pín Cañada Honda sí ọ̀nà mẹ́ta dọ́gbadọ́gba. Nígbà tí ẹnì kan sọ pé ọmọbìnrin ni Práxedes, wọ́n wo onítọ̀hún títí tó fi jáde. Wọ́n mú àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta búra níwájú Apolonia pé kò sẹ́ni tó máa kọjá igi óákù yẹn. Anselmo ló kọ́kọ́ búra.

Oṣù Kẹrin ọdún 1845 yìí, lásìkò ìkójọ màlúù, ara wọn ò yá. Wọ́n ní ká gbé àga àwọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí àwọn lè máa wo bí a ṣe ń fi irin sàmì sí àwọn ọmọ màlúù. Wọ́n pariwo mọ́ Fermín pé okùn rẹ̀ ti dẹ̀ jù. Wọ́n ní kí Práxedes bu ṣokoléètì wá. Nígbà tí ṣokoléètì dé, Olúwa ti gbà wọ́n.

Doña Casilda fi ọmọ mẹ́ta sáyé: Anselmo, Práxedes àti Fermín, pẹ̀lú Nieves, ìyàwó ọmọ, tí ata rẹ̀ ń ta báyìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ-ọmọ, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tí wọ́n bí ní àfẹ̀mọ́jú òní, tí a ò tíì sọ lórúkọ. Nígbà tí a ń kọ ìwé yìí, a kọ Apolonia mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ìdílé. Ó ní ká kà á sókè, a kà á. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ kẹ̀? Ẹ pa á rẹ́." A pa á rẹ́. Ó yá, ẹlòmíì tí ìyá wa tún fi sáyé nìyí: Apolonia, àbúrò wọn.

Ìyá wa, a gbọ́ pé ọkọ̀ ojú omi tún ń bọ̀, àsíá sì lè tún yí padà. Ẹ má mikàn. Òjò rọ̀ lánàá, koríko ti yọ dé orúnkún ẹṣin, àwọn màlúù sì ń bímọ. Ẹ sinmi lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá. Kí ilẹ̀ tẹ́ yín bí ẹní tuntun, ká sì jí bá ara wa láàárọ̀ àjíǹde. Ẹ sùn ire o.