Àtàǹpàkò Ni Mo Fi Kà Á

Ẹ̀gbọ́n mi,

À ń gbé Màmá lọ sí ọsíbítù tó wà lẹ́yìn ilé ìwé wa àtijọ́. Ẹ má wa mọ́tò ní ìwàkuwà o. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, ojú wọn sì là.

Òòyì kọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ láàárọ̀. Èmi tí mò ń kọ́ṣẹ́ áńbúláǹsì di ọrùn ọwọ́ wọn mú, mo ka bí iṣan ibẹ̀ ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan: méjìléláàádọ́rin. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Kò sóhun tó ń ṣe yín, abọ́ lẹ fẹ́ sá fún.” Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n padà sídìí abọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ṣubú sí.

Ọ̀rẹ́ mi nọ́ọ̀sì tó wà nílé kejì ló sáré wọlé. Ìka méjì ló fi kà á: méjìdínlógójì péré. Ó ní báwo ni mo ṣe ka tèmi, mo na àtàǹpàkò hàn án. Àtàǹpàkò ní iṣan tirẹ̀ tó ń lù. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn. Ìlù ọkàn ara mi ni mo kà fún Màmá. Mi ò mọ ibi tí màá fojú sí.

Ẹ bá wa mú oògùn wọn tó wà nínú dúrọ́ọ̀ bọ̀, àti awò ojú wọn. Ẹ̀yìn èsì ìdánwò mi tí ẹ lẹ̀ mọ́ fíríìjì ni mo kọ èyí sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lẹ̀ ẹ́ padà.

Ọ̀rẹ́ mi ti ń fọn fèrè mọ́tò. Mò ń gbọ́ ohùn Màmá látibí, wọ́n ń sọ fún un pé kó fara balẹ̀, pé ọmọ àwọn ti yẹ àwọn wò, kò sí nǹkan kan.