Aláǹtakùn Inú Gíláàsì Ẹja

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Keje 2025

Àyà mi ṣì ń já. Àwọn tó ń gbẹ́ sókàwéè lẹ́yìnkùlé fi ṣọ́bìrì la ihò kan, nǹkan kan sì rìn jáde. Mo rò pé eku ni. Aláǹtakùn! Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, irun bò ó látòkè délẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè sí ọkùnrin tó mú ṣọ́bìrì, bí ẹni ń sọ pé "sún mọ́ mi, kó o rí i." Ọkùnrin náà ló sá.

Mo da ike bò ó, mo ti páálí sábẹ́ ẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án o. Mo ti sọ ọ́ ní Onírun.

Àǹtí Bàdírátù yọjú lójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Wọ́n wà nínú tákàbà, torí ọkọ wọn, Bàbá Ahmed, kú ní oṣù Kẹrin: wọn kì í kọjá géètì, wọn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Kí wọ́n má baà dá wà ni bàbá mi ṣe ní kí n wá láti Kánádà, kí n wá bá wọn gbé ní Bódìjà níbí. Mo rò pé wọ́n á ní kí n pa á. Wọ́n wo inú ike náà pẹ́.

"Wọ́n ti wó ilé ẹ̀," ni wọ́n wí. "Níbo ló wá fẹ́ sùn?"

Àìkú, 6

Gíláàsì ẹja Bàbá Ahmed ni Àǹtí fún mi! Látìgbà tí bàbá náà ti kú, tí àwọn ẹja sì tẹ̀lé wọn, ló ti wà ní fàráńdà, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Mo ní kí n fọ̀ ọ́. Rárá — Àǹtí fúnra wọn ló fọ̀ ọ́.

Mo ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Iyanrìn díẹ̀ nísàlẹ̀, òkúta funfun, ẹ̀ka máńgòrò gíga kan kó lè máa gùn ún. Mo ya fọ́tò ẹ̀.

Ajé, 7

Ó gun gíláàsì dókè, ó já bọ́. Ìró yẹn ò kúrò létí mi.

Ìṣẹ́gun, 8

Kò kú. Ọlọ́run ló yọ mí. Mo kà á lórí fóònù pé irú èyí tó ń gbé inú ihò, awọ ikùn ẹ̀ fẹ́lẹ́; tó bá já láti òkè, ó lè bẹ́. Ilé tó wu èmi ni mo kọ́ fún un.

Mo lọ lóṣòó síbi ihò tí wọ́n là, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Háà! Ọ̀nà kan dàgẹ̀rẹ̀ wọlẹ̀, ó yà, ó di yàrá. Ògiri ẹ̀ ń dán, òwú funfun ló fi tẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ tútù ń ti ibẹ̀ wá.

Àǹtí bi mí lójú fèrèsé pé kí ni mo rí. Mo ní yàrá ni, mà, ó sì ti ta kọ́tìnnì sí i. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn rí látìgbà tí mo dé.

A da iyanrìn nù. Ilẹ̀ pupa tó yí ihò yẹn ká ni mo kó, mo pò ó mọ́ dúdú abẹ́ máńgòrò, mo wọ́n omi sí i títí tó fi ń ṣù lọ́wọ́ láìro. Mò ń dà á, Àǹtí ń fi ìdí agolo mílíìkì tẹ̀ ẹ́ le. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ẹnu. Tó bá tún já, kò ní já jìnnà. Mo ti igi ọmọorógùn bọ erùpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì ní ìdàgẹ̀rẹ̀, mo yọ ọ́, kó lè rí ibi bẹ̀rẹ̀ ihò ẹ̀. Ọmọrí ìgò fún omi ẹ̀. Pákó tí mo lu ihò wẹ́wẹ́ sí ni ìdérí, búlọ́ọ̀kù lórí ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10

Ó jókòó sígun. Ìrẹ̀ tí mo fún un ń rìn kọjá níwájú ẹ̀.

Ẹtì, 11

Ó Ń GBẸ́!

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, èmi àti Àǹtí lórí ẹní, imú wa lára gíláàsì. Ó ń di erùpẹ̀ bí ẹni ń di òkèlè. Ó ń fi òwú wé e, ó ń fi ẹnu gbé e jáde, ó ń gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń padà wọlé. Kò ní ṣọ́bìrì kankan. Ẹnu ló fi ń gbẹ́, ìdí ló fi ń hun ògiri. Ilé àti aṣọ ilé, ara ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá! Àǹtí kàn ń sọ pé "Súbúhánálàhì" ṣáá.

Àìkú, 20

Bọ̀dá Ahmed wá láti Ring Road. Ọmọ Àǹtí. Wọ́n rí Onírun, wọ́n fò sẹ́yìn.

"Sáfí, ṣé ajá ò sí ní Kánádà ni? Ohun tá à ń fi bàtà pa lo wá ń sìn?"

Wọ́n ní àdúà ìparí tákàbà á wáyé lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó ń bọ̀, orí fàráńdà yìí làwọn àlùfáà á jókòó sí. Kó tó dìgbà náà, àwọn á wá gbé e lọ dà sínú igbó lẹ́yìn Òjòó. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n. Mo ní ẹ ṣé, sà.

Ọjọ́rú, 23

Onírun ti fi erùpẹ̀ àti òwú dí ẹnu ihò ẹ̀. Pátápátá.

Àbámẹ́ta, 26

Fóònù ní ó lè jẹ́ pé awọ ló fẹ́ bọ́. Tó bá ń bọ́ awọ, ara ẹ̀ á rọ̀ bí wàrà, ẹni tó bá gbé e nípò ti pa á. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti kú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Mo mú ṣíbí. Àǹtí di ọwọ́ mi mú.

"Ta ló ní kó o kanlẹ̀kùn?"

Mo ní mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà láàyè ni, mà. Wọ́n gba ṣíbí náà.

"Gbogbo ẹni tó ń wá kí mi ló ń wò mí báyẹn. Bí ẹni fẹ́ fi ṣíbí wú mi wò."



Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ

Onírun ṣì ti ilẹ̀kùn ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 9

Bọ̀dá Ahmed gbé ọkọ̀ wá. Àǹtí dúró sẹ́nu ọ̀nà fàráńdà.

"Ẹ má gbé e. Ó wà nínú tákàbà."

"Ta ni, Màmi?"

"Òun náà."

"Ṣé ọkọ aláǹtakùn náà kú ni?"

"Bóyá ó kú o. Ṣé o bi í?" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo bojú. Ṣùgbọ́n Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. "Ahmed, ṣé ẹnì kan gbé èmi kúrò níbi tí mo jókòó sí?"

Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa etí gíláàsì náà. Àfi bí ẹni pé wọn ò tíì rí i rí. "Ti Dádì nìyí," ni wọ́n wí. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Òfìfo lọkọ̀ padà.

Àìkú, 17

Àǹtí wẹ̀, wọ́n lé tìróò, wọ́n wọ bùbá aláwọ̀ ewé. Wọ́n rẹwà! Àwọn àlùfáà ṣàdúà. A ti da aṣọ bo gíláàsì, ni àlùfáà kan bá gbé àwo ìrẹsì ẹ̀ lé e lórí, ó ń jẹun lọ. Bọ̀dá Ahmed wò mí, mo wo Bọ̀dá Ahmed.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Àǹtí ní àwọn fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ àwọn ní Mọ́kọ́lá. Mo sìn wọ́n dé géètì. Wọ́n di irin ẹ̀ mú. Wọ́n dúró. Wọ́n yí padà.

"Ó dọ̀la."

Ẹnu ihò ṣì dí.

Ajé, 18

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni Àǹtí pè mí, jẹ́jẹ́.

Aláǹtakùn méjì! Ọ̀kan dùbúlẹ̀ lórí erùpẹ̀, ẹsẹ̀ pé, irun pé, eyín pé — kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀. Aṣọ àtijọ́. Onírun fúnra ẹ̀ jókòó sẹ́nu ihò, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó dúdú bí àrán. Ó bọ́ra títí dé èékánná, ó sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí fúnra ẹ̀.

Àǹtí lóṣòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n ní kí n bá àwọn mú bàtà àwọn wá. Mo ti ń wá tèmi náà.

"Jókòó tì í," ni wọ́n wí.

Mo gbọ́ tí géètì ṣí. Mo gbọ́ tó tì.