Kí Wọ́n Tó Fún Wa Ní Fèrè

Ugbonla, Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Obìnrin tí mo kọ lẹ́tà sí láti yunifásítì tí mo ti ń kọ́ni, pé kó bá wa wá fèrè tí àwọn ọmọ ìjọ yóò fi kọ́ orin, dé lónìí. Àwọn ìyá ti wẹ ọmọ wọn, wọ́n ti wọ bàtà fún wọn.

Obìnrin náà ní kí àwọn ọmọ bọ́ bàtà, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá pákó sínú ẹrẹ̀, kí òun ya fọ́tò wọn, kí àánú wọn lè ṣe àwọn olówó tó bá rí i.

Èmi ni mo pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n sọ̀.

Ìyá Tẹ́mi fa ọmọ tirẹ̀ jáde, ó yíjú sí mi. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń fọn fèrè ní yunifásítì yín?"

Mo sọ fún àwọn ọmọ tó kù pé kí wọ́n má rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò.

Obìnrin náà ní fèrè ń bọ̀. Bó bá tún pè mí lọ́la, ẹ̀rù ń bà mí pé màá tún ṣe é.