Ẹ̀jẹ̀ Kan Nínú Èyí Tí Àwọn Ará Ìjọ Wa Fún Mi Kò Dáhùn

Ẹ̀yin ará page yìí, ó ti rẹ̀ mí. Mi ò mọ ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ mọ́, torí àwọn tó yẹ kí n sọ ọ́ fún gan-an lọ̀rọ̀ náà kàn. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́.

Èmi àti mọ́mì mi là ń gbé ní Marks Gate, ní London níbí. PhD ni mò ń ṣe, lórí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àìsàn jà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ wẹ́rẹ́... tí kòkòrò àìsàn bá wọ ara, sẹ́ẹ̀lì kan á ránṣẹ́ sí ìkejì, ìyẹn á gbọ́, á sì dìde ìjà. Àwọn èèyàn kan wà tí iṣẹ́ tí wọ́n ń rán yẹn kì í dáwọ́ dúró lára wọn, ara á wá máa bá ara ẹ̀ jà, oríkèé á máa wú, awọ á máa bó. Oògùn tó máa pa ariwo yẹn rọ́rọ́ là ń wá. Ká tó lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, a nílò ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn le, ká fi wé ti àwọn aláìsàn. Ẹ̀jẹ̀ òyìnbó ló dẹ̀ kún freezer wa. Supervisor mi, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, sọ pé oògùn tí wọ́n bá fi ẹ̀jẹ̀ òyìnbó nìkan dán wò lè má bá àwa lára mu. Èmi ni mo la ẹnu, èmi ni mo ní don't worry, mo mọ àwọn tó máa wá...

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, ní Ripple Road. Ẹ mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe rí tó bá ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kí lòyìnbó fẹ́ fi ṣe, wọ́n ní ṣé a ò mọ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀mí wà ni. Mọ́mì mi ló dìde lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní ọmọ àwọn ni, kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ. Bí wọ́n ṣe gbà nìyẹn. Bọ̀dá Káyọ̀dé tí wọ́n ń wa bus gba off nítorí mi. Mọ́mì Tóbi tí wọ́n ń ṣe care work ti night shift bọ̀ láìtíì fojú kan oorun. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mọ́mì mi, wọ́n fa tèmi, àti ti àwọn mélòó kan sí i. Bọ̀dá Káyọ̀dé bẹ̀rù abẹ́rẹ́ débi pé ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú, àgbà ọkùnrin o. Nọ́ọ̀sì yọ orúkọ kúrò lára gbogbo ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹ̀jẹ̀ ta ni. A dẹ̀ ti sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé a ò ní fún ẹnikẹ́ni ní result.

Ẹ̀yin èèyàn mi... ọ̀kan nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn kò dáhùn. Gbogbo ìyókù, tí a bá ti ránṣẹ́ sí i, á jẹ́ iṣẹ́. Eléyìí pa kẹ́kẹ́. Mo tún un ṣe, kẹ́kẹ́. Mo rò pé èmi ni mo ṣe é gbòdì, mo ní kí ẹlòmíì bá mi ṣe é, bákan náà, títí ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún fi tán. Mo gbé e lọ bá supervisor mi. Ó ní ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ náà bàjẹ́ lọ́nà, ó lè jẹ́ oògùn kan tí ẹni náà ń lò tí kò sọ, ó sì lè jẹ́ pé lóòótọ́ lara ẹ̀ ò lágbára láti bá àìsàn jà. A ò mọ̀. Ó ní lab ni wá, a kì í ṣe hospital, ohun tí a rí ò tó èyí tí èèyàn fi ń sọ fún ẹnìkan pé nǹkan ń ṣe é. Ó ṣì bá mi kọ̀wé sí àwọn tó ń mójú tó irú ọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó fèsì, ohun tó sọ náà ni wọ́n sì sọ, wọ́n tún ní a ò gbọdọ̀ wá ẹni náà. Mi ò bínú sí wọn. Agbára àtibínú gan-an ò sí mọ́.

Mo ní kí nọ́ọ̀sì fa tèmi lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo dán an wò, ó dáhùn kíá. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú toilet ni mo ti lọ sunkún? Mo ti ń gbàdúrà pé kó jẹ́ èmi. Tó bá jẹ́ èmi ni, ó parí nìyẹn. Èmi kọ́. Ó wá ku àwọn.

Látìgbà yẹn, tí wọ́n bá ń kọrin ní church, wíwò ni mò ń wò wọ́n. Mọ́mì Tóbi ti rù, wọ́n ní ààwẹ̀ ni. Bọ̀dá Káyọ̀dé ń wúkọ́, wọ́n ní atẹ́gùn inú bus ni. Egbò kan ń lọ ó ń bọ̀ lẹ́nu mọ́mì mi... ṣé egbò lásán ni? Ṣé gbogbo èèyàn kọ́ ni egbò ń yọ lẹ́nu?

Ní Sunday kan, mo kó wọn jọ lẹ́yìn ìsìn, mo ní òtútù ti ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù lọ ṣe blood test lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò ẹ̀. Wọ́n ṣe àmín, bíi pé àdúrà ni mo gbà. Bọ̀dá Káyọ̀dé nìkan ló dúró dè mí níta, níbi tí mo ti ń wọ bàtà mi.

"Dókítà wa, kí lo rí nínú ẹ̀jẹ̀ wa?"

"Kò sí nǹkan, sà."

Wọ́n ní, "Torí tìẹ ni mo ṣe nawọ́ o." Wọ́n bá lọ síbi mọ́tò wọn.

Irọ́ tí mo wá jẹ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Títí di ìsinsìnyí, mi ò tíì gbọ́ pé ẹnìkankan lọ ṣe test náà. Mọ́mì Tóbi ní àwọn pe GP, wọn ò rí appointment, àwọn sì ti gbàgbé ẹ̀.

Ní báyìí, lab ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí i. Mọ́mì mi ti bá àwọn mìíràn sọ̀rọ̀, títí kan àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò fẹ́ gbọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn ti ṣetán. Wọ́n ní kí oògùn náà lè gbọ́ èdè àwa náà. Tí mo bá sọ fún gbogbo wọn pé nǹkan lè máa ṣe ọ̀kan nínú yín, mi ò mọ ta ni, ó sì lè má sí nǹkankan... ẹ̀rù á wọlé sí gbogbo wọn lára, wọ́n lè lé mi kúrò lẹ́nu PhD, kò dẹ̀ ní sí ẹni tó máa nawọ́ fún wa mọ́ láéláé, wọ́n á ṣe oògùn náà láìsí tiwa níbẹ̀. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Tí àìsàn kékeré bá gbé ẹnìkan dè, tí wọ́n gbé e dé hospital, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn ọmọ ẹ̀? Ṣé kí n sọ fún mọ́mì mi nìkan? Ṣé ìyẹn ò ní jẹ́ ojúsàájú?

Ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ẹ kàn dá mi lóhùn. Ká ní ẹ̀yin lẹ nawọ́ fún mi, tí mi ò mọ̀ bóyá tiyín ni, ṣé ẹ máa fẹ́ kí n sọ? Mọ́mì mi ń pè mí nísàlẹ̀ báyìí, wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n máa dá fún àwọn èèyàn náà.