Àwo Pupa Nínú Láàbù Ọ̀sì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta 2025

Ọ̀gá dé sí láàbù tòun ti kóòtù lọ́rùn. Nínú ooru Ọ̀sì yìí! Ọ̀mọ̀wé Adégbìtẹ́. Kóòtù ni n ó máa pè é níbí, torí kóòtù yẹn ló gbọ́n jù lára rẹ̀. Ó gbé ìgò àgbo kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ní egbò igi tí bàbá òun fi han òun ni, ó ń tún sẹ́ẹ̀lì ara ṣe, òun á sì fi han gbogbo ìlú níbi ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ tiwa ni ká fi yíìsì, èyí tó ń mú búrẹ́dì wú, jẹ́rìí sí i. Ó ti mọ èsì kó tó dán an wò.

Bándélé, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ń mi orí ṣáá. Alángbá ni mo sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Funfun ni irú yíìsì tiwa yìí. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ń pín, tí kòrómósómù kan, okùn tó gbé àjogúnbá, já sọnù, gbogbo ọmọ tó bá bí á di pupa. Ìdì funfun tó bá ní ilà pupa, àjogúnbá inú rẹ̀ ti ń dà rú nìyẹn. Ojú lásán tó o, kò gba awò. A gbin díẹ̀ sínú àwo àgbo, díẹ̀ sínú àwo omi lásán.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ti omi: funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ti àgbo: ilà pupa káàkiri.

Mo fi han Kóòtù. Ó ní pupa ni àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ni ẹ̀mí. Ọ̀mọ̀wé ló sọ bẹ́ẹ̀! Mo ṣàlàyé. Ó ní ooru ni nígbà náà, jẹnẹrétọ̀ ṣáà kú ní Ọjọ́rú. Inú àpótí kan náà ni àwo méjèèjì wà. Ooru tó mọ ẹni tó mu àgbo.

Alángbá mi orí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo lọ kí Màmá ní Ìlọ́fà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, òun ló tọ́ mi dàgbà. Kókó kan wà ní ọmú rẹ̀, wọ́n sì ti ní kó wá sí ọsibítù ní Ìlọrin. Kò lọ. Ìgò Kóòtù ló wà lójú fèrèsé rẹ̀, ó ti mu ún dé ìdajì. Okùnrin yìí ti ń pín in kiri!

Mo ní kó má mu ún mọ́. Ó wò mí. "Ọmọ wa tó kàwé ló ṣe é. Ṣebí ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo ti ń ṣiṣẹ́?"



Ọjọ́ Ajé, 10

Ooru ti kúrò ńlẹ̀. Ọtí ló kàn báyìí. Kóòtù ní ọtí tí wọ́n fi rẹ egbò náà ló ń ba yíìsì jẹ́. Ó dáa. A fi àwo ọtí lásán kún un.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ọtí lásán: pupa níbí, pupa lọ́hùn-ún, kò pọ̀. Àgbo: pupa yí ká. Ooru kọ́, ọtí nìkan kọ́. Egbò yẹn gan-an ni.

Mo ní kó gba àwọn ìgò padà. Ó ti ilẹ̀kùn. "Ya fọ́tò àwo omi, kọ 'àgbo' sí i. Yíìsì kì í ṣe èèyàn."

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹlẹ́rìí ni yíìsì. Lónìí kì í ṣe èèyàn mọ́. Mo kọ̀. Ó pe Alángbá. Ìyẹn mú fóònù, ó lọ yà á. Kò wo ojú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Lọ́la ni ìdúpẹ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi. N ó dìde, n ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn ọmọ ìlú ti Èkó àti Àbújá dé. Màmá wà ní ìjókòó iwájú. Wọ́n gbé fọ́tò sára ògiri, funfun gbòò. Kóòtù ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àlùfáà béèrè bóyá ẹnì kan ní ọ̀rọ̀.

Mi ò dìde.

Bándélé ló dìde. Ó mú àwo pupa jáde láti inú àpò, ó rìn lọ fi lé àlùfáà lọ́wọ́. Ó ní òun lòun ya fọ́tò ara ògiri yẹn, àwo omi ni, èyí gan-an ni ti àgbo. Ó ṣàlàyé ohun tí pupa ń sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

Kóòtù ní kó jókòó.

"Mi ò jókòó, sà."

Àwọn alàgbà méjì dì í lápá. Ó yíjú sí mi. "Joy wà níbẹ̀. Ẹ bi í." Gbogbo ojú yí sí mi, ti Màmá náà. Mo wá dìde. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò ti lọ. "Òótọ́ ni," ni mo wí, mo sì jókòó.

Àlùfáà ní kí ẹnikẹ́ni má mu ún mọ́. Níta, Kóòtù lé Bándélé lẹ́nu iṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́, Màmá ní òun á lọ sí Ìlọrin lọ́la. Mo ní n ó bá a lọ. Ó ní rárá, Bándélé lòun fẹ́ kó bá òun jókòó níwájú dókítà.