Nọ́ọ̀sì Tó Mọ̀ Pé Etí Mi Ti Di

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ mi kékeré tó gbé iwájú orí bàbá rẹ wá sáyé. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kì í ṣe lórí ìdùbúlẹ̀. Ní tèmi, mo ti dìde. Jókòó kí o tó máa kà á lọ, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n má fòyà: ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé kò tíì kú.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé. Mo yí gbirigbiri dé ìsàlẹ̀, orí mi sì gbá ògiri. Aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló sáré jáde. Ó fi aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ di ojú ọgbẹ́ náà, ó sì pe áńbúláǹsì. Aṣọ oníbàárà ni o. Títí di òní, n kò mọ ohun tó sọ fún ẹni tó ni ín.

Àwọn méjì ló bá ọkọ̀ náà wá, awakọ̀ kan tó sanra àti nọ́ọ̀sì obìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ìbòmú wà lójú àwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ń tọ́jú ojú ọgbẹ́ láti ẹ̀yìn mi, awakọ̀ sì ń bi mí ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ẹni tó bá forí gbá nǹkan, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iyè rẹ̀ ṣì wà ní ipò. Aránṣọ ló wá kọ ìbéèrè náà fún mi lẹ́yìn ìgbà yẹn. Awakọ̀ ní, "Ìyá, ọjọ́ wo la wà lónìí?" Mo ní, "Orí ni, orí ló ń dùn mí." Ó ní, "Ṣé ẹ̀ ń lo oògùn kankan?" Mo ní, "Mo ti jẹun, ẹ ṣeun." Ó mi orí, ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ mi lójú. Nígbà tó gbé ohun líle tí wọ́n fi ń di ọrùn mú sí mi lọ́rùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Mo rò pé ó fẹ́ fún mi lọ́rùn ni.

Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti ní kó dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn tí n kò yíjú, ó sì rí i pé ojú mi kò kúrò lẹ́nu awakọ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ ìbòmú. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó fa ìbòmú tirẹ̀ wálẹ̀, ó dojú fọ́ọ̀mù dé, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀: "Ìyá mi, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

Ọmọ mi, ó ti pé ọdún mẹ́rin tí n kò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Èmi tí mo fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sọ fún ọmọ ilé ìwé pé kí wọ́n fetí sílẹ̀! Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí pé bí ẹ bá mọ̀, ẹ ó ní n kò lè dá gbé mọ́. Mo ń wo ẹnu èèyàn, ibi tí n kò bá ti rí ọ̀rọ̀ mú, mo ń fi ẹ̀rín dí i. Kò sí ẹni tó bi mí rí. Mo mi orí sí ọmọbìnrin yẹn pé rárá, omijé sì dà lójú mi ju ìgbà tí mo ṣubú lọ.

Láti ìgbà náà, kò fọwọ́ kàn mí láì kọ ọ́ kí n kà á. Yóò kọ ohun tó fẹ́ ṣe, yóò dúró kí n gbà, kó tó ṣe é. Nígbà tó kọ "oògùn", mo nawọ́ sí báàgì mi. Èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ló bá níbẹ̀, tí dókítà ní kí n máa lò nítorí ọkàn mi. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Wọn kò gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí mọ́. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n gbé mi lọ, awakọ̀ sì ti pè wọ́n ṣáájú. Bí a ṣe débẹ̀ ni wọ́n ya àwòrán inú orí mi. Ẹ̀jẹ̀ ti ń jò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà kọ ọ́ fún mi pé ká ní wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ nípa oògùn yẹn ni, ẹlòmíì ni ì bá máa kọ lẹ́tà sí ọ.

Lọ́jọ́ kẹta, awakọ̀ wá kí mi. Ó yọ ìbòmú, ó dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kan ojú rẹ̀, ó rọra sọ ọ́: "Ẹ má bínú, Ìyá. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo rò pé mo ti mọ ojú ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú." Mo ní, "Èmi tí mo fi í pa mọ́ fún ọmọ bíbí inú mi, ṣé ìwọ ni wàá mọ̀?" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ní síléètì àti ṣọ́ọ̀kì ti wà nínú ọkọ̀ wọn báyìí, àwọn ọkọ̀ yòókù sì ti ń béèrè tiwọn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, o pè mí pé ara ọmọ gbóná, pé ẹ ti gbé e dé ilé ìwòsàn. Mo dáhùn pé, "Ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ máa gbádùn ara yín." Nínú mẹ́sẹ́èjì ìyàwó rẹ ni mo ti wá mọ ohun tí mo dáhùn sí. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ rẹ sí mi tutù, o sì jàre. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ọkàn mi le, ọmọ mi. N kò gbọ́ ni, n kò sì nígboyà láti sọ ọ́. Bá mi bẹ ìyàwó rẹ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká nílò ọkọ̀ wọn. Bí a bá sì nílò rẹ̀, kí ẹni tó ń wo èèyàn lójú bá a wá. Ìyá tó bí nọ́ọ̀sì yẹn, kó pẹ́ kó jẹun ọmọ. Ìwọ náà, ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
tí etí rẹ̀ di, tí ìfẹ́ rẹ̀ sí ọ kò dín.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: wọ́n ti fi ẹ̀rọ kékeré kan sí mi létí ọ̀tún tó ń jẹ́ kí n gbọ́ràn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ nígbà tí mo délé ni omi ẹ̀rọ ilé ìdáná tó ń kán, tó, tó, tó. Aránṣọ ní ó ti tó ọdún méjì tó ti ń kán bẹ́ẹ̀, òun rò pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. Pè mí ní Sátidé. Bí n kò bá gbọ́, n óò sọ fún ọ pé n kò gbọ́.